Ta Ló Wo Àjà Ilé Náà?

Ilé méjì lè fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn ní Òmù-Àrán nílẹ̀ Ìgbómìnà, kí páànù méjèèjì ti pọ́n bí osùn, kí wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri méjèèjì, kí ẹni tó ń gba títì kọjá má sì mọ èyí tó sàn jù. Ṣùgbọ́n amọ̀ ni ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè, sìmẹ́ńtì tó wà lára rẹ̀ kò ju aṣọ ìbora lọ. Búlọ́ọ̀kù ni èkejì. Lábẹ́ páànù ti àkọ́kọ́, ikán ti jẹ igi òrùlé débi pé èèpo rẹ̀ nìkan ló kù. Lábẹ́ ti èkejì, igi náà ṣì le koko bí ọjọ́ tí káfíńtà kàn án mọ́bẹ̀. Ẹni tí báǹkì rán wá, tàbí tí ìjọba rán wá, tàbí tí àwọn ọmọ olóògbé bẹ̀ pé kó wá díye lé ogún bàbá wọn, á dé pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ apá, á yí ilé po lẹ́ẹ̀kan, á ka iye yàrá, á béèrè ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, á gbójú sókè wo òrùlé láti àárín àgbàlá, á sì kọ iye kan sílẹ̀. Iye yẹn lè tọ̀nà. Ó sì lè má tọ̀nà. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀, nítorí ohun tó rí àti ohun tí kò rí ti jọ bá a padà lọ sí Ìlọrin.

Èrò tèmi ni pé àwòrán àwọn kọ́lọ́fín ilé, ìyẹn inú àjà, ẹ̀yìnkùlé, ìdí ìpìlẹ̀ àti ibi tí ògiri ti sán, gbọ́dọ̀ di ara ìdíyelé gbogbo ilé nílẹ̀ Ìgbómìnà, kó má jẹ́ ohun tí adíyelé ń ṣe nígbà tó bá wù ú. Mo tún fi nǹkan kan lé e, tí àwọn kan kò ní fẹ́ gbọ́: irinṣẹ́ tí a ó fi ya àwòrán náà kò gbọdọ̀ jẹ́ olówó gegere. Kó jẹ́ ohun tí onílé alára lè rí rà, tàbí tó tiẹ̀ ti ní nílé: fóònù, ọparun, tọ́ọ̀ṣì, dígí kékeré, téèpù. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ohun tó bá jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ló ní irinṣẹ́ tó fi lè rí i, ẹni yẹn nìkan náà ni yóò máa sọ bó ṣe rí.

Iṣẹ́ ìdíyelé kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó kàn jí lówùúrọ̀ tó ní òun mọ iye tí ilé tó. Láti ọdún 1969 ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe é, tí a mọ̀ sí NIESV, ti wà ní Nàìjíríà. Nígbà tó sì di ọdún 1975, ìjọba ológun ṣòfin tó gbé ìgbìmọ̀ ESVARBON dìde láti máa forúkọ àwọn tó yẹ sílẹ̀, kí òǹtẹ̀ má baà wà lọ́wọ́ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́. Mo gbà pé wọ́n mọṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òfin ní kí wọ́n ṣe. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978, tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, sọ ní abala 29 pé bí ìjọba bá gba ibi tí ilé wà fún iṣẹ́ ìlú, owó gbà-máà-bínú tó tọ́ sí onílé ni iye tí yóò náni láti tún irú ilé bẹ́ẹ̀ kọ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ti ogbó àti ìlò kúrò nínú rẹ̀. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò mú nǹkan kan wá ju owó ilẹ̀ tí onílé bá san lọ́dún náà lọ, bó bá tiẹ̀ san. Ara ilé gan-an ni owó wà. Ọ̀rọ̀ “ogbó” yẹn ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀. Ta ló mọ bí ilé ti gbó tó? Ọdún tí wọ́n kọ́ ọ kò lè sọ ọ́: ilé ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ páànù àti igi rẹ̀ lọ́dún tó kọjá ṣì jẹ́ ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọdún mẹ́wàá tí òjò ti ń gba àjà rẹ̀ wọlé. Bí onílé bá ní iye tí wọ́n kọ fóun kéré, abala 30 ní kó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti pípín in. Abala 47 sì ní kí ilé-ẹjọ́ má dá sí i bóyá owó náà tó tàbí kò tó. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ náà yóò jókòó, ilé ti wó, katapílà ti kó àlàpà rẹ̀ dà nù, ẹnu onílé àti ìwé adíyelé nìkan ló kù. Kò sí ibi tí ẹnu ti borí ìwé lọ́fíìsì ìjọba.

Gbogbo wa la mọ àmì X pupa náà. Níbi tí wọ́n bá ti fẹ́ fẹ títì, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ọ́ sára ògiri, ọ̀dà rẹ̀ á ṣàn sílẹ̀ díẹ̀ kó tó gbẹ, wọ́n á kọ ọjọ́ sábẹ́ rẹ̀, nígbà míì wọn kò tiẹ̀ ní kọ ọ́. Àmì náà sọ pé ilé yóò lọ. Kò sọ irú ilé tó jẹ́. Kò sọ pé ṣẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ kànga tó wà lẹ́yìnkùlé, kò sọ pé ilẹ̀kùn onírin ló wà níwájú, kò sọ pé ilẹ̀ yàrá àlejò ṣì ń dán. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san owó gbà-máà-bínú lọ́dún 2024 fún àwọn tí títì etí òkun láti Èkó lọ sí Calabar gba ibi wọn, ohun tí etí gbogbo ayé kún fún ni ta ló ni kí ni, kí ló sì wà níbẹ̀ kí katapílà tó dé. Ìjọba tó bá rántí mú ọ̀dà lọ́wọ́ lè rántí mú fóònù lọ́wọ́.

Àjà ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń kọ́kọ́ kú. Ihò kékeré kan sábà máa ń wà lókè ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí káfíńtà fi sílẹ̀, tí páálí sílíǹgì kan bò. Adíyelé tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kò ní gun àkàbà kó ki ara bọ̀ ọ́, èmi kò sì ní dá a lẹ́bi: ìgbẹ́ àdán wà níbẹ̀, igi tí ikán ti jẹ kò sì ṣeé tẹ̀. Ohun tó lè ṣe rèé. Kó so fóònù mọ́ orí ọparun tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, tàbí mọ́ igi gígùn tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ya ara wọn. Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ ló dára jù láti fi dì í, torí ó ń fà, kì í sì í yọ̀. Kó so tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọparun náà níbi tó rẹlẹ̀ sí fóònù díẹ̀, kó dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó tẹ fídíò kó tó gbé e sókè, nítorí bó bá jẹ́ fọ́tò, ta ni yóò gòkè lọ tẹ̀ ẹ́? Kó wá yí igi náà díẹ̀díẹ̀ títí ojú fóònù yóò fi kárí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó sì dúró ní igun kọ̀ọ̀kan títí yóò fi ka ení dé ẹ̀wá. Kí omi tí wọ́n bù fún un tó tán nínú ife, ó ti rí ohun tí àwọn tó ń sùn sábẹ́ àjà náà kò rí láti ogún ọdún: ipa omi tó ti ṣàn lórí pákó, ọ̀nà erùpẹ̀ tí ikán mọ sára igi bí okùn, ìṣó tó ti dípẹtà, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tó ń yọ bí ìràwọ̀ láti inú ihò páànù. Inú fídíò náà ni yóò ti yọ àwòrán tó bá fẹ́ lò.

Mo ní kó da tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì nídìí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Iná tó bá dojú kọ ògiri tààrà ń tan ògiri náà fún wa ni. Gbogbo rẹ̀ á funfun bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún. Iná tó ti ẹ̀gbẹ́ wá ló ń mú òjìji jáde, débi pé sísán tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun á hàn, ibi tí ògiri ti wú síta á hàn. Àwa a máa fi ògiri tó lanu pòwe aláǹgbá. Adíyelé ní láti fi téèpù wọ̀n ọ́n. Kó ya ògiri náà láti òkèèrè kí a mọ èyí tó jẹ́ nínú ilé, kó sún mọ́ ọn yà, kó tún wá sún mọ́ ọn pátápátá pẹ̀lú téèpù tó nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó sán. Sísán tó fẹ̀ ju mílímítà márùn-ún lọ, tó mú ìdábùú láti igun fèrèsé lọ sí ìsàlẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọyẹ́ mọ́, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ìpìlẹ̀ ló ń rì. Èyí tó kàn tàn ká ojú ògiri bí ilé aláǹtakùn, tí kò jinlẹ̀, sìmẹ́ńtì tí wọ́n rẹ́ lé amọ̀ ni, tí àwọn méjèèjì kò bára wọn mu. Owó tí èyí àkọ́kọ́ yóò yọ kúrò lára iye ilé jìnnà sí ti èkejì bí Ìlọrin ti jìnnà sí Èkó, ẹni tí kò bá sì wọ̀n ọ́n, tí kò yà á, kàn ń sọ tẹnu rẹ̀ ni. Dígí ìfárùngbọ̀n lásán á fi ẹ̀yìn táǹkì omi hàn án, á fi abẹ́ etí òrùlé hàn án. Gbogbo irinṣẹ́ tí mo kà yìí, inú àpò iléèwé ọmọdé kan gbà á, àyàfi ọparun.

Àwọn kan á ní ayé ti lọ síwájú ju ọparun lọ, kí ló dé tí a kò lo drone tó ń fò? Ó dára fún òrùlé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, ẹni tó bá fẹ́ fò ó ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń rí sí ọkọ̀ òfúrufú àti lọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò. Nírú àkókò tí ìròyìn àwọn ajínigbé ń lé oorun lójú àwọn ará Gúúsù Kwara yìí, bí nǹkan bá ń kùn yùn-ùn lókè agboolé àwọn ènìyàn, wọn kò ní dúró béèrè pé ta ló rán an wá. Ìyẹn gan-an kọ́ sì ni kókó ọ̀rọ̀. Kókó ibẹ̀ ni pé bí adíyelé bá fi drone ya òrùlé tó ní ó ti bàjẹ́, kí ni ìyá àgbà tó ni ilé fẹ́ fi ya tirẹ̀? Bó bá jẹ́ ọparun ni, ọmọ ọmọ rẹ̀ á gbé ọparun tirẹ̀ sókè kí adíyelé tó dé ibi tó gbé ọkọ̀ sí. Bí àwòrán méjèèjì bá bára mu, ìjà ti parí. Bí wọn kò bá bára mu, ọ̀rọ̀ ti délẹ̀ nìyẹn, níwájú ẹni yòówù kó jókòó gbọ́ ọ.

Èsìẹ́ wà nítòsí Òmù-Àrán, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn kan náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ sì kan ọ̀rọ̀ yìí gbọ̀ngbọ̀n. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, tọkùnrin tobìnrin, tí ọ̀pọ̀ wọn wà ní ìjókòó, ló wà nínú igbó níbẹ̀ kí Ramshaw, tó ń bójú tó iléèwé fún ìjọ CMS, tó pe àfiyèsí ìjọba sí wọn lọ́dún 1933. (Àwọn ìwé kan ń sọ pé ọdún yẹn ni “a rí” ère náà, bí ẹni pé àwọn ará Èsìẹ́ tó ń bọ wọ́n fọ́jú.) Nígbà tó di ọdún 1945, wọ́n kọ́ ilé fún wọn, òun sì ni mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Lọ́dún 1978 ni Phillips Stevens, ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ ìwé tó fi àkọsílẹ̀ àti àwòrán ṣàlàyé wọn jáde. Ère tí wọ́n bá ti yà báyìí, bí apá rẹ̀ bá kán lọ́la, tàbí bí ẹnìkan bá fi òru gbé e lọ tà, a mọ bó ṣe rí kó tó lọ. Èyí tí wọn kò yà, bó bá lọ, ó lọ. Ọdún 1978 yẹn kan náà ni Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde, tó ní kí wọ́n máa yọ owó ogbó lára iye ilé. Lọ́dún tí ìwé àwòrán òkúta Èsìẹ́ jáde, òfin kan jáde tí ìdájọ́ rẹ̀ rọ̀ mọ́ bí ilé àwọn ènìyàn ṣe rí, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n ya ilé ọ̀hún.

Ibòmíràn ti ṣe é kí fóònù tó dáyé. Láàárín ọdún 1939 sí 1941, ìlú New York rán àwọn oníkámẹ́rà jáde láti ya gbogbo ilé tó wà ní ìlú náà, tó lé ní ọ̀kẹ́ márùndínlógójì, ìyẹn 700,000, nítorí àwọn tó ń díye lé ilé fún owó orí. Iṣẹ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ fún àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe ni wọ́n lò fún un, kámẹ́rà kékeré tí ọwọ́ kan gbà sì ni ọ̀pọ̀ wọn gbé kiri. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ kì í ṣe kámẹ́rà náà, pátákó ni. Nínú ọ̀pọ̀ àwòrán náà, pátákó kan wà níwájú ilé, tí wọ́n kọ nọ́ńbà ilẹ̀ náà sí, tí ẹ ó sì máa rí ọwọ́ tàbí fìlà ẹni tó dì í mú. Nítorí pátákó yẹn, wọn kò lè fi àwòrán ilé Lágbájá sínú fáìlì Tàmẹ̀dù. Síléètì ọmọ iléèwé àti ẹfun á ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Òmù-Àrán: orúkọ agboolé, ọjọ́, nọ́ńbà àwòrán. Ní Amẹ́ríkà lónìí náà, ẹni tó ń díye lé ilé tí ilé-iṣẹ́ FHA fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ki orí àti èjìká bọ inú àjà, ó kéré tán, kó wo ohun tó wà níbẹ̀, kó sì fi àwòrán ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Orí àti èjìká ni wọ́n ní. Ọparun àti fóònù ń dé ibi tó jìn ju ìyẹn lọ, ṣẹ́ẹ̀tì kò sì ní dọ̀tí.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ àwọn ará Ìgbómìnà lógún ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, nítorí àwọn tó ni ilé kì í sábà gbé inú rẹ̀. Onílé wà ní Èkó, ní Àbújá, ní London. Ilé wà ní Òmù-Àrán, ní Orò, ní Àjàsẹ́-Ìpo, ní Òkè-Oníigbin, ó ń retí kí wọ́n wá ṣọdún. Ẹni tó fẹ́ fi irú ilé bẹ́ẹ̀ dúró gba owó ní báǹkì, tàbí tó fẹ́ tà á, ìwé adíyelé nìkan ló máa rí. Bó bá tún wá jẹ́ ilé ẹbí, tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ ìyá mẹ́ta, yálà ìdí-igi ni wọ́n fẹ́ fi pín in tàbí orí-ò-jorí, ẹni tó máa yọwó fún àwọn yòókù kí ilé lè di tirẹ̀ ló máa ń sọ pé ilé ti gbó, àwọn tó máa gbowó ló ń sọ pé kò tíì gbó. Mi ò rí ohun tó lè pẹ̀tù sí irú ìjà bẹ́ẹ̀ bí kí gbogbo wọn, níbi tí oníkálukú wà, jọ máa wo igi àjà kan náà lórí fóònù wọn.

Àtakò wà, díẹ̀ nínú wọn sì lágbára. Àkọ́kọ́ ni pé àwòrán ń purọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń purọ́. Fóònù tó bá dúró sí igun yàrá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lè sọ ọ́ di gbọ̀ngàn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ilé burú á lọ dúró síbi tí ó burú nìkan, á máa yà á lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ téèpù àti pátákó, tí mo sì fi sọ pé láti òkèèrè ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó sún mọ́ ọn: àwòrán kan lè purọ́, ó ṣòro kí ogún àwòrán tó tẹ̀ lé ara wọn yí ilé po pa irọ́ kan náà. Ọ̀rọ̀ WhatsApp tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Fóònù máa ń kọ wákàtí tó ya àwòrán pa mọ́ sínú àwòrán náà, àti ibi tó ti yà á bí wọ́n bá gbà á láàyè, ṣùgbọ́n bí a bá fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí a ti ń ṣe lójoojúmọ́, WhatsApp á fún un pọ̀, á sì ha gbogbo àkọsílẹ̀ yẹn dà nù. Bí dókúmẹ́ǹtì ni kí wọ́n fi í ránṣẹ́, kí èyí tó wà nínú fóònù tó yà á má sì di píparẹ́, nítorí abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 fẹ́ mọ ẹ̀rọ tí ẹ̀rí orí kọ̀ǹpútà ti jáde wá àti bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ ìdíyelé á ní ojú tó ti wo ilé fún ọgbọ̀n ọdún sàn ju fóònù lọ. Òótọ́ ni. Wọ́n á fọwọ́ kan ògiri, wọ́n á mọ̀ pé omi ń bẹ nínú rẹ̀. Fóònù kò lè ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè fi ojú sínú fáìlì. Bí ọ̀gá náà bá fẹ̀yìn tì, tàbí tó papò dà, ohun tí ojú rẹ̀ rí bá a lọ. Èmi kò ní kí àwòrán gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ojú; kó máa tọ ojú lẹ́yìn ni, bí akọ̀wé tí ń tọ adájọ́ lẹ́yìn.

Èyí tó dá mi dúró jù ni ti ohun ìkọ̀kọ̀. Ilé Ìgbómìnà kì í ṣe yàrá àti pálọ̀ nìkan. Ojúbọ lè wà nínú rẹ̀, yàrá ẹrù egúngún lè wà tí kì í ṣe gbogbo ojú ló gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ilé kò fẹ́ kí àjèjì ya ibùsùn òun. Ìbẹ̀rù ajínigbé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà tún padà wọlé: àwòrán tó fi ibi tí ilẹ̀kùn wà àti ohun tó wà nínú ilé hàn, bó bá bọ́ sọ́wọ́ ìkà, àwòrán ọ̀nà ni. Èmi kò ní ìdáhùn tó máa pa ìbẹ̀rù yìí tán. Ohun tí mo lè sọ ni pé igi, ògiri, páànù àti ìpìlẹ̀ ni iye ilé wà lára rẹ̀, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n, kì í ṣe aago ara ògiri, kì í sì í ṣe ojú ọmọ ilé. Adíyelé tó mọ̀wàá hù á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ fún olórí ilé, á sì béèrè pé, “Bàbá, ibo ni ẹ ò fẹ́ kí n yà?” Ibi tí bàbá bá ní kó má yà, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò gbà, kó tẹ̀ síwájú. Àwòrán tó bá yà kò gbọdọ̀ wà lórí fóònù tó fi ń kí ìyàwó rẹ̀, kó má di ohun tó bá àwòrán ọjọ́ ìbí jáde lórí Facebook. Òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023, kò sì yọ adíyelé sílẹ̀. Kó tó kúrò nínú ọgbà ni kó ti fún onílé ní ẹ̀dà gbogbo rẹ̀. Bí onílé kò bá ní ẹ̀dà lọ́wọ́, gbogbo ohun tí mo ti ń rò látòní di òfo, nítorí àwòrán tó wà lọ́wọ́ adíyelé nìkan kò yàtọ̀ sí ojú adíyelé nìkan.

Àtakò kan wà tí wọn kì í sọ jáde. Onílé tó fẹ́ yáwó ní báǹkì kò fẹ́ kí wọ́n ya àjà rẹ̀. Yóò ní ihò náà ti dí, yóò ní káfíńtà ti kàn án pa. Onílé yìí kan náà, bí wọ́n bá kọ X pupa sára ilé rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ gbé àkàbà wá. Mi ò bá a jà. Owó ló ń wá. Ṣùgbọ́n àwòrán tó yẹ kó gbà á lọ́jọ́ kejì ni èyí tó sá fún lọ́jọ́ kìíní, àwòrán tí wọ́n bá sì ti yà nígbà tí kò sí ìjà nílẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé nítorí ìjà ni wọ́n ṣe yà á.

Ó ku ọ̀rọ̀ yàrá tí wọ́n tì pa. Ilé ńlá wo ló wà lágboolé tí kò ní yàrá kan tí ẹni tó ni ín ti fi kọ́kọ́rọ́ sápò lọ sí Kánò tàbí Àbíjàn láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ já ìlẹ̀kùn rẹ̀? Adíyelé a máa fojú fo irú yàrá bẹ́ẹ̀, a sì máa kà á mọ́ àwọn yòókù bí ẹni pé ó wọbẹ̀. Bí fèrèsé bá ní gíláàsì kan tó ti fọ́, ọparun á gbébẹ̀ wọlé, tọ́ọ̀ṣì á tàn án, a ó rí ilẹ̀, a ó rí àjà, a ó rí ògiri méjì, a kò ní rí ìkẹta. Ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé ìdíyelé fún irú yàrá yẹn kò pọ̀ rárá: “Yàrá kẹta lápá ọ̀tún. A kò wọlé, kọ́kọ́rọ́ kò sí nílé. Àwòrán 17 sí 19, láti ojú fèrèsé. A kò rí ògiri tó kọjú sí kànga.”